Aṣọ Inú Kóòtù Akọ̀wé

"Ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀, Akọ̀wé," ni Ọ̀ṣuntóyìn wí. Ó fi okùn ìwọ̀n yí ọrùn àbúrò ọkọ rẹ̀ ká, ó wo nọ́ńbà, ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ.

Augustin tún un sọ. "Mo ní kóòtù yìí ni iṣẹ́ ìkẹyìn tí wàá fi máṣíìnì yìí ṣe. Ọjọ́ kejì ọdún òmìnira, Odile á wá gbé e. Sẹ fìní, ó parí."

"Mo gbọ́, ọkọ mi."

"Àbí inú ń bí ẹ ni?"

"Inú wo ló máa bí mi? Ẹ na apá."

Augustin na apá. Akọ̀wé ìjọba ni ní Ìfọ̀nyìn, Odile sì ni ìyàwó tuntun tó fẹ́ ní Àjàṣẹ́, tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Honoré, ẹ̀gbọ́n Augustin tó jẹ́ ọkọ Ọ̀ṣuntóyìn, ló ra máṣíìnì ìránṣọ náà. Lójú ayé Honoré, òun nìkan ni aránṣọ tó mọ kóòtù rán láti Dàágbé títí dé Ìgòlò, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í fún ọdún mọ́kànlá títí òun náà fi mọ̀ ọ́n. Kí ó tó kú, ó sọ ọ́ létí gbogbo ẹbí pé ti Ọ̀ṣuntóyìn ni máṣíìnì. Ó kú nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹbí sì gbàgbé ohun tí wọ́n gbọ́.

Ọdún kẹta òmìnira ló ń bọ̀ yìí. Lọ́jọ́ náà, Augustin ni yóò ka ọ̀rọ̀ ìkíni níwájú olórí àgbègbè, lẹ́yìn náà ni wọn yóò kéde rẹ̀ pé òun ni délégè tuntun, aṣojú ìjọba tí òǹtẹ̀ ìlú máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tó sọ pé máṣíìnì ti di ogún Augustin ti wà nínú àpò rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Òǹtẹ̀ nìkan ni ìwé náà ń dúró dè. Tí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, kò sí ibi tí opó lè gbé ẹjọ́ lọ mọ́.

"Ọrùn kí ó fún dáadáa," ni Augustin wí. "Mi ò fẹ́ kóòtù tó ń mì lára bí aṣọ àgbà."

"Á fún."

Bó ṣe ń jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wo ọrùn obìnrin náà, níbi tí awọ ti bó tí ó sì ń jinná ní pupa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti ń san," ó wí, ó sì lọ.

Láti kékeré ni ara Ọ̀ṣuntóyìn kì í ti í gba aṣọ tó le. Ìyá rẹ̀ kì í wọ aṣọ tuntun fún un àfi tí ó bá ti fọ̀ ọ́ ní ìgbà méje, tí ó sì ti fi igi lù ú lórí òkúta. Tí ojú ìrán aṣọ bá ń kan ìhà rẹ̀, kò ní lè jẹun. Tí èèyàn bá fi èékánná ha vẹ́lífẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eyín á kan án. Kàkí máa ń ṣe é bíi pé eèrà ń rìn lábẹ́ awọ rẹ̀. Àwọn mìíràn fi ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ọmọ ọba wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Honoré kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Bùbá ló kọ́kọ́ fún un nígbà tí ó ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Ó fi ògbólógbòó aṣọ funfun rán an, ó sì yí gbogbo ojú ìrán rẹ̀ síta kí inú rẹ̀ lè dán. Àwọn tó rí i lọ́nà ní ó wọ aṣọ sódì. Kò bọ́ ọ.

Augustin mọ gbogbo èyí. Nígbà tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tí Honoré ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwé, eré rẹ̀ ni kí ó yọ́ wá láti ẹ̀yìn, kí ó fi kànìnkànìn gbígbẹ ha ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn, kí ó sì máa rẹ́rìn-ín bí obìnrin náà ṣe ń fò sókè.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Honoré, ó gbé àpò ìdọ̀họ kan wọlé, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ekùrọ́. Ìlà búlúù kan wà láàrin rẹ̀, lẹ́tà dúdú gàdàgbà-gadagba sì wà lẹ́yìn. Ó ti gé ojú ọrùn àti ojú apá méjì sí i.

"Aṣọ opó rẹ nìyí," ó wí. "Oṣù mẹ́ta. Kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ lọ́sàn-án tàbí lóru. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá ti gbà pé máṣíìnì kì í ṣe tìrẹ, bọ́ ọ jù síbẹ̀."

Kò sí opó kankan tó wọ àpò rí ní agbo ilé náà. Aró ni wọ́n ń wọ̀, ẹyọ kan, èyí tó ti gbó tó sì ti rọ̀. Kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó Ìyá Àyàntúndé, àbúrò bàbá wọn, arúgbó tó máa ń wẹ̀ fún àwọn opó. Ọ̀ṣuntóyìn yíjú sí i. Arúgbó náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni Augustin kan páànù sórí yàrá ìyá náà.

Ọ̀ṣuntóyìn wọ àpò náà. Kò lè fara ti ògiri, kò lè dùbúlẹ̀. Ìjókòó ló ń sùn. Tí ó bá mí, àpò á dún ṣàà, ṣàà, létí rẹ̀, títí tí kò fi ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ń sọ. Nígbà tí oṣù kejì fi máa wọlé, okùn àpò ti wọnú egbò ọrùn rẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà á kí i pé ó kú ìrọ́jú, wọ́n á sì gbójú sí ibòmíràn.

Sìdíkátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Ìgòlò, nìkan ló sọ̀rọ̀. "Fún un ní irin máṣíìnì náà, kí o gba ara rẹ sílẹ̀."

"Tí mo bá fún un, kí ni mo máa fi jẹun?"

"Kí lo ń jẹ báyìí?"

"Eyín mi ni mò ń jẹ," ni Ọ̀ṣuntóyìn wí, òótọ́ sì ni, nítorí kò lè la ẹnu dáadáa mọ́ nítorí pípa tó ń pa eyín pọ̀.

Ó ka oṣù mẹ́ta náà pé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sun àpò náà bí wọ́n ṣe ń sun aṣọ opó, ó ní òun fúnra òun ni yóò sun ún. Kò sun ún. Ó ká a, ó sì fi í sábẹ́ máṣíìnì.

Lẹ́yìn tí Augustin ti gbé aṣọ sẹ́ẹ̀jì dúdú fún kóòtù sílẹ̀ tó sì ti lọ, Ọ̀ṣuntóyìn fa àpò náà jáde.

Ẹni tí kò rán kóòtù rí lè má mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ ìta nìkan ló ń mú kí àyà kóòtù dúró gbagidi. Aṣọ líle kan máa ń wà láàrin, tí ẹnikẹ́ni kì í rí, aṣọ inú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á sì bò ó kí ó má baà kan ara. Honoré máa ń fọ ti tirẹ̀, á sì fi ọwọ́ ra á títí yóò fi rọ̀ bí ewé. Ọ̀ṣuntóyìn kò fọ àpò náà. Ó gé e sí ìwọ̀n àyà, ó gé e sí ìwọ̀n èjìká, ó sì gé èyí tó gùn gbọọrọ fún ọrùn. Ó fi abẹ ha ojú rẹ̀ kan títí gbogbo okùn rẹ̀ fi dìde ṣóńṣó-ṣóńṣó. Ọwọ́ lásán ló fi ń ṣe é. Omi ń dà lójú rẹ̀, eyín ń kan án, kò dúró. Lẹ́yìn náà ló wá fi sítáàṣì tí wọ́n rí lára ẹ̀gẹ́ kùn ún, tí ó sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ àwọn ṣóńṣó náà mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè sùn. Sítáàṣì kò ní nǹkan kan tí ó ń bẹ̀rù àfi omi. Òógùn sì ni omi.

Sìdíkátù wọlé bá a níbi tí ó ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ sẹ́ẹ̀jì.

"Kí lò ń rán?"

"Kóòtù."

"Kóòtù ta?"

"Ti ọkọ mi Akọ̀wé."

Sìdíkátù jókòó. Ó wo ìlà búlúù inú kóòtù náà, ó wo ọrùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Fi sí ọrùn dáadáa."

Nígbà tí Augustin wá wọ̀ ọ́ wò, ara rẹ̀ gbẹ, inú yàrá sì tutù. Ó yíjú sí dígí, ó fọwọ́ gbá àyà rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ẹ dáadáa," ó wí.

"Ó kọ́ mi."

Lọ́jọ́ ọdún, òjò tó rọ̀ lánàá ti dá, oòrùn sì yọ gangan. Láti òwúrọ̀ ni Augustin ti wà lórí pápá níwájú ọ́fíìsì, ó di gbogbo bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó ń to àga, ó ń lé àwọn ọmọ ilé ìwé sórí ìlà. Olórí àgbègbè pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí ó fi máa dé, oòrùn ti wà láàrin orí, òógùn sì ti ń ṣàn gba ẹ̀yìn etí Augustin lọ sínú kọ́là.

Ó ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Gbólóhùn kejì, ó mi èjìká. Gbólóhùn kẹrin, ó fi ìka bọ ọrùn, ó ha á, ó tún padà sínú ìwé. Ó sọ ojú ìlà nù. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń jó o báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ń jó o. Ó fi igunpá ha ìhà, ó yí ọrùn bí adìẹ tí nǹkan há lọ́fun. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó fẹ̀yìn ti òpó àsíá tí ó sì ń fi ara ra á lókè nílẹ̀, àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó olórí àgbègbè fa ọmọ rẹ̀ sún mọ́ra.

"Ṣé èkúrú ló ń ṣe ọkùnrin yìí?" ni olórí àgbègbè bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ Kétu ni, èdè wọn ló fi sọ ọ́, gbogbo ìlú sì gbọ́ ọ.

Augustin ju ìwé sílẹ̀. Ó já bọ́tìnnì, ó fa kóòtù náà kúrò lọ́rùn bí ẹni tí ó ń fa ejò, aṣọ inú sì ya láti èjìká dé ìdí. Ìlà búlúù hàn. Lẹ́tà dúdú hàn. Ariwo ẹ̀rín dákẹ́ lójijì láàrin àwọn obìnrin.

"Àpò Ọ̀ṣuntóyìn rèé," ni Sìdíkátù wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ti dákẹ́.

"Ó fẹ́ pa mí," ni Augustin wí. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mú un."

Ọ̀ṣuntóyìn ti ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Bùbá funfun tí Honoré rán fún un ló wọ̀, èyí tí ojú ìrán rẹ̀ wà níta.

"Ìwọ lo fi àpò sínú aṣọ rẹ̀?" ni olórí àgbègbè bi í.

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Òun ló fún mi, ọ̀gá. Ó ní kí n wọ̀ ọ́ fún oṣù mẹ́ta nígbà tí ọkọ mi kú, mo sì wọ̀ ọ́. Mo dá a padà fún un ni. Láti òwúrọ̀ di ọ̀sán péré ni òun wọ̀ ọ́."

Olórí àgbègbè wo ọrùn obìnrin náà, ó wo ọrùn Augustin tó ti wú pupa ní ibi kan náà gan-an. Ó wá yíjú sí Ìyá Àyàntúndé, tó jókòó lórí àga àwọn àgbà. "Ìyá, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe opó níbí nìyẹn?"

"Aró la máa ń wọ̀," ó wí.

"Ìgbà tí ó wọ àpò, ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Kí lẹ sọ?"

Ìyá Àyàntúndé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Wọn kò kéde Augustin. Ògúnjìnmí, àgbẹ̀ kan tó wá wòran láti Kò-Kúmọ̀lú, tí bàtà rẹ̀ ṣì ní ẹrẹ̀, ni wọ́n fún ní òǹtẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n olórí àgbègbè ní obìnrin náà ti ba ọdún orílẹ̀-èdè jẹ́, wọ́n sì ti Ọ̀ṣuntóyìn mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé nítorí oṣù mẹ́ta tí ó fi wọ àpò. Ọlọ́pàá ju kúbùsù irun kan sí i, èyí tó le bí èèpo igi. Ó ká a dáadáa, ó gbé e sí igun, ó sì jókòó sórí sìmẹ́ńtì lásán. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ọ̀ṣuntóyìn padà sílé, máṣíìnì wà níbi tó fi í sí. Odile kò wá. Augustin ń gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi iṣẹ́, ó sì tó oṣù kan kí ó tó tún lè di bọ́tìnnì ọrùn.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àyàntúndé gbé aṣọ wá, ó ní kí ó bá òun fi rán bùbá. Ọ̀ṣuntóyìn rán an. Nígbà tí arúgbó náà wá gbà á, kò wọ̀ ọ́ wò. Ó yí i sódì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra inú rẹ̀ láti ọrùn, gba èjìká, títí dé etí ìsàlẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn.

"Èyí rọ̀, Ìyá," ni Ọ̀ṣuntóyìn wí.

Arúgbó náà mi orí. Ojú rẹ̀ ti lọ sábẹ́ máṣíìnì, níbi tí ìdajì àpò ìdọ̀họ náà wà ní kíká, tí ìlà búlúù rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wá wọn aṣọ ti lè rí i.

"Ìyẹn ṣì kù?" ó bèèrè.

"Ó ṣì kù, Ìyá," ni Ọ̀ṣuntóyìn wí, ó sì fi okùn sójú abẹ́rẹ́. "Ó tó aṣọ méjì."