Ère Ṣáínà Tí Wọ́n Fọ̀

“Ta ló fọwọ́ kan ère yìí?”

Ambrose, ará Àkókó tó ń bójú tó ìpàtẹ ohun àtijọ́ ní Ọ̀wọ̀, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ère idẹ náà ń kọ mànà lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú Veronica dùn. “Èmi ni, sà. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni mo fi fọ̀ ọ́. Nílé wa, idẹ kì í jáde lọ́jọ́ ọdún láìfọ̀.”

“Arábìnrin, àwọ̀ ewé tí ẹ bó kúrò lára rẹ̀ òun ni ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀! Àwọn ará Ṣáínà ti rọ ère yìí kí wọ́n tó bí baba ńlá wa. Ta ni yóò gbà báyìí pé kì í ṣe àná ni wọ́n rọ ọ́? N kò lè pàtẹ rẹ̀ mọ́.”

Veronica wo ojú Sylvanus, ọkọ rẹ̀, tó ra ère náà lọ́wọ́ ará Ṣáínà kan lójú ogun Bọ́mà. Kò tíì bímọ fún un, ìyàwó tuntun sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Ó ti rò pé bí ère bá dán, ọkọ òun kò ní lé òun.

Sylvanus rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá, àyè mi lórí tábìlì ìpàtẹ ṣófo nìyẹn?”

“Ó ṣófo.”

“Kò ní ṣófo.” Ó kọjú sí aya rẹ̀. “Gorí tábìlì.”

“Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́…”

“Gorí rẹ̀! Káyé wá wo ohun àtijọ́ tí kò wúlò. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ láìjẹ́ pé mo ní kí o sọ̀, má padà sílé mi.”

Veronica bọ́ bàtà, ó gùn ún. “Ọ̀rọ̀ tọkọtaya,” ni Ambrose ń kùn bó ti ń lọ.

Àwọn obìnrin kan láti Ìsùàdà dúró.

“Ṣé ère lèyí?”

“Ère kẹ̀? Ṣé ère ń sunkún ni?”

“Bóyá ti Ṣáínà máa ń sunkún.”

Ẹ̀rín bú. Àárín ẹ̀rín náà ni Sylvanus ti fa Lábísí, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, lọ́wọ́ wá síwájú tábìlì.

“Wò ó dáadáa. Bí mo ṣe ń kọ́ aya mi lọ́gbọ́n nìyí.”

Lábísí fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà já jáde.

Veronica nu ojú. Ẹnikẹ́ni kò pè é, ó sọ̀kalẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀.

“Àbúrò mi,” ó ní, “àyè ti ṣófo. Ìwọ ló kàn.”

Ẹ̀rín Lábísí dákẹ́.