Ẹni Tó Dúró ní Ipò Hàkímù

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni Ràhámátù máa ń pe ìyá rẹ̀ láti Sòkòdé. Sàdíátù ni orúkọ ìyá náà. Kambolé ló ń gbé, ó sì ti fi ọgbọ̀n ọdún ta àgbàdo kọjá ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀. Ìròyìn kan ṣoṣo ló máa ń retí lẹ́nu ọmọbìnrin yìí: bí bọ́ọ̀lù Hàkímù ṣe lọ.

Hàkímù ni àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ló ti ga, tó taagun, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n ń dé akoto sórí nítorí pé ńṣe ni wọ́n máa ń kọlu ara wọn. Ó wá di iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Hàkímù kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà. Ẹnì kan wà tó ń jù ú. Hàkímù àti àwọn mẹ́rin mìíràn a fi ara ṣe odi níwájú rẹ̀ kí àwọn tọ̀hún má bàa ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ẹgbẹ́ wọn gba ife. Nígbà tí wọ́n ń wa iṣu tuntun ní Kambolé, Hàkímù pe ìyá rẹ̀, ó ní tọdún yìí ò ní bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ràhámátù ń ròyìn ẹni tó borí àti bó ṣe borí. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú.

"Àlàáfíà ni, Ìyá. Wọ́n ti ṣe é tán."

"Ta ló borí?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo máa pè yín padà."

Kò pè padà. Sàdíátù mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Òun ni àwọn tó kó àgbàdo tútù sí ìsàlẹ̀ àpò, tí wọ́n wá fi gbígbẹ bò ó lórí, fi máa ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Hàkímù fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun lórí fóònù mọ́. Ohùn ló ń fi ránṣẹ́, kò sì ju "Ara mi le, Ìyá" lọ.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà tí ọ̀rọ̀ Ràhámátù ti kúrú, Sàdíátù gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémì lọ sí Tchamba, ó wá Ṣítù lọ. Ọmọ Kambolé ni Ṣítù, ó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà, ó sì gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

"Bá mi wo ẹgbẹ́ Hàkímù," ni Sàdíátù wí. "Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni kí o sọ."

Ṣítù wò ó lórí fóònù. "Ìyá, wọ́n ti pàdánù ẹ̀ẹ̀mẹfà léraléra."

Ó fi àwòrán ìdíje tó kẹ́yìn hàn án. Sàdíátù ò wo bọ́ọ̀lù; àwọn márùn-ún tó ń ṣe odi ló ń wò. Ẹlòmíràn ló wà ní ipò Hàkímù, ọkùnrin kan tó ga, tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀. Ṣítù ń fi ìka sún ojú fóònù náà lọ sókè, ó ń yára jù.

"Padà síbi tí o sáré kọjá yẹn."

"Ọ̀rọ̀ àwọn ará ìta lásán ni, Ìyá."

"Kà á fún mi."

Ṣítù kà á. Ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ kejì ti gba ibi tí Hàkímù dúró sí kọjá, ó gbé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù wọn ṣánlẹ̀, egungun èjìká onítọ̀hún sì kán. Látìgbà náà ni wọn ò ti borí mọ́. Àwọn kan ń béèrè bóyá ńṣe ni Hàkímù yẹra fún un, àti bóyá ẹnì kan ló fi owó rà á.

Sàdíátù ò padà sílé. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Sòkòdé, ó sì bá Ràhámátù nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ta ló wà ní ipò ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Ràhámátù gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n má sọ fún yín."

"Pè é. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀."

Ọ̀sán ni ní Sòkòdé, òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ Hàkímù. Ojú rẹ̀ ti rù. Sàdíátù ò kí i.

"Ṣé ẹnì kan fún ọ ní nǹkan kí o lè jẹ́ kí ọkùnrin yẹn kọjá?"

Hàkímù wò ó títí. "Ẹ̀yin náà, Ìyá?"

"Dá mi lóhùn."

"Orúnkún mi ló yẹ̀. Ó ti ń dùn mí láti oṣù kẹsàn-án. Mi ò sọ fún kóòṣì, kí wọ́n má bàa fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Wọ́n tún wá fi rọ́pò mi náà."

"Ṣé wọ́n ti mọ̀ báyìí?"

"Rárá."

"Lọ sọ fún wọn."

Hàkímù pa fóònù.

"Ẹ ò bá má bi í bẹ́ẹ̀," ni Ràhámátù wí.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fi nǹkan pa mọ́ lẹ kọ́ mi."

Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò jẹ́ kó gbádùn. Ọjọ́ mẹ́fà ni Hàkímù ò fi gbé ìpè rẹ̀. Ní ọjọ́ keje, lẹ́yìn ìrun Súbúù ní ìdájí, Sàdíátù fi ohùn ránṣẹ́ sí i: "Hàkímù, ohun tí mo bi ọ́ yẹn, kò yẹ kí ìyá bi ọmọ rẹ̀. Má bínú."

Kó tó di ọ̀sán, èsì dé. Ó ti sọ fún wọn. Dókítà ti wo orúnkún náà, ó ní kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí ìdíje ọdún náà á fi parí.

Ó parí lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì. Nínú ìdíje mẹ́tàdínlógún, mẹ́rin péré ni wọ́n borí. Wọ́n lé kóòṣì. Sàdíátù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn ará Kambolé pé wọ́n pàdánù, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ ọ níbòmíràn kó wá fi jẹ òun níyà.

Nínú ọyẹ́, Hàkímù sọ̀ kalẹ̀ ní Tchamba, níbi tí ìyá rẹ̀ ti lọ pàdé rẹ̀. Àpò tó gbé tóbi ju ti ẹni tó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ìyá rẹ̀ sì rí i.

"Ṣé wọ́n lé ọ ni?"

"Wọn ò tíì lé mi. Wọn ò sì tíì ní kí n padà wá. Ó di oṣù kẹta ká tó mọ̀."

"Ṣé òótọ́ nìyẹn?"

"Òótọ́ ni, Ìyá."

Sàdíátù wo ojú rẹ̀, ó gbà á gbọ́ díẹ̀. Ó gbé àpò fún onízémì kan, ó ní kó lọ dúró de àwọn lẹ́yìn ọjà.

"Máa rìn lọ níwájú," ló sọ fún Hàkímù.

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ wo ẹsẹ̀ náà."

Hàkímù rẹ́rìn-ín, ó ń lọ ṣánṣán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣu, ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa rìn bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Sàdíátù yára bá a, ó di apá rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ ń lọ díẹ̀díẹ̀.