Àjàò Inú Àjà

Ìrù nìkan ló kù. Ó rọ̀ sílẹ̀ láti inú ihò àjà bí okùn agogo, ó mì lẹ́ẹ̀kan, ó mì lẹ́ẹ̀kejì, ó sì wọlé.

"Ó ti lọ!" Onífọ́tò pariwo, bí ẹni pé àwọn obìnrin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fọ́jú.

Aránṣọ kò pariwo. Aago ara ògiri ló wò. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́rin gééré sì ni ológbò yẹn gbọ́dọ̀ ti gbé oògùn gìrì rẹ̀ mì. Bí àsìkò bá kọjá, gìrì á gbé e lórí igi àjà, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bá a di orí mú. Láńlọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é, nítorí pé gbogbo ẹni tó bá wọ Ilé Ìtọ́jú Ológbò ló ń wò bí ẹni tó fẹ́ lé jáde ní ìparí oṣù.

Bébà kan dún ṣákáṣáká nínú àpò aṣọ iṣẹ́ Aránṣọ. Aago mẹ́rin ni òun náà.

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni. Ọdún méje ló ti ń wá síbí lọ́fẹ̀ẹ́, tó ń fọ àwo, tó ń kó ìgbẹ́, tó ń fi ọmú rọ́bà bọ́ ọmọ ológbò tí ojú wọn kò tíì là. Láàárọ̀ yìí ni ọ̀gá ilé náà, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn òfin débi pé Ọ̀gá Ìwé ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà fún un. "Mọ̀mí, ẹ fọwọ́ sí i kí aago mẹ́rin tó lù. Bó bá lù báyìí, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún."

Iṣẹ́ náà wúlò fún un. Láti ọdún tó kọjá ni òwú àti ojú abẹ́rẹ́ ti ń bára wọn ṣe bojúbojú níwájú rẹ̀. Bó bá na òwú, ojú abẹ́rẹ́ á ti sá lọ. Àwọn oníbàárà sì ń dín kù. Ẹni tí èèyàn bá rán apá aṣọ rẹ̀ mọ́ ọrùn kì í padà wá.

Ṣùgbọ́n Tíṣà ńkọ́? Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ni olórí àwọn tí ìwé òfin ń pè ní olùyọ̀nda, tí gbogbo ilé sì ń pè ní afọ̀fẹ́ṣe. Òun ló fa Aránṣọ wọ ibẹ̀. Pẹpẹ ife méjì ló wà nínú ilé ìdáná, ọ̀kan fún afọ̀fẹ́ṣe, ọ̀kan fún agbowó-oṣù. Nígbà tí Tíṣà gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà, ó po tíì fún Aránṣọ bó ti máa ń ṣe, ó ro ṣúgà inú rẹ̀ dáadáa, ó sì lọ gbé e sórí pẹpẹ àwọn agbowó-oṣù. Tíì náà tutù síbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Aránṣọ ti ń rìn kiri bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà, pupa fún agbowó-oṣù, aláwọ̀ ewé fún afọ̀fẹ́ṣe. Ó gbé kálàmù lọ sórí pupa, ó gbé e lọ sórí ewé, ó sì gbé kálàmù náà wọlé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó yé e. Ohun tí kò yé e ni èwo ni òun nínú méjèèjì.

Ọ̀gá Ìwé ti gbé àkàbà dé. Onífọ́tò, afọ̀fẹ́ṣe tí ara rẹ̀ tó ara èèyàn mẹ́ta, gun ẹsẹ̀ méjì. Àkàbà kérora. Ó sọ̀kalẹ̀.

"Àkàbà ló kọ̀ o," ó ní. "Kì í ṣe èmi."

Tíṣà fọwọ́ kan orúnkún ara rẹ̀. "Ẹ má wo ọ̀dọ̀ mi. Àwọn méjì yìí ti fẹ̀yìntì ṣáájú mi."

Àti pé Láńlọ́ọ̀dù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun yàtọ̀ sí Aránṣọ. Gbogbo wọn kọjú sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àkàbà.

"Ẹ dúró!" Ọ̀gá Ìwé di àkàbà mú. "Mọ̀mí, ṣé ẹ ti fọwọ́ sí ìwé yẹn?"

"Rárá."

"Ọpẹ́ o! Ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Agbowó-oṣù ò gbọdọ̀ gun àkàbà. Tẹ́ ẹ bá ṣubú pẹ́nrẹ́n, àwọn adójútòfò ò ní dá wa lóhùn. Afọ̀fẹ́ṣe nìkan ló lè gùn ún."

"Oògùn ńkọ́?" Tíṣà bọ́ síwájú. "Ṣebí òfin yín náà ló ní afọ̀fẹ́ṣe ò gbọdọ̀ fún ológbò lóògùn? Àbí torí oògùn aràn kọ́ lẹ ṣe kọ̀wé ìkìlọ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá? Aránṣọ, fọwọ́ sí i! Kíá!"

Aránṣọ wo ẹnu Tíṣà bóyá òun gbọ́ dáadáa. Obìnrin tó ṣí tíì òun nípò láàárọ̀ ló ń na kálàmù sí i yìí. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà wá ló sì ń fa kálàmù náà sẹ́yìn.

"Fọwọ́ sí i!"

"Ẹ má fọwọ́ sí i!"

"Kò le rárá," Onífọ́tò dá sí i. "Kí wọ́n gòkè gẹ́gẹ́ bí afọ̀fẹ́ṣe. Tí wọ́n bá dé òkè, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n fún un lóògùn gẹ́gẹ́ bí agbowó-oṣù."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa wá sọ̀kalẹ̀?" ni Ọ̀gá Ìwé bi í. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Gbogbo wọn wo òkè. Wọ́n ń rò ó.

"Àjàò," Tíṣà kùn. "Kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ."

Aránṣọ já kálàmù gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó fi oògùn sí ìdí gèlè, ó sì gòkè.

Eruku pọ̀ nínú àjà ju òkùnkùn lọ. Ó fi orúnkún rìn lórí igi. Lẹ́yìn táǹkì omi, ojú méjì ń wò ó bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.

"Láńlọ́ọ̀dù. Ọmọ dáadáa. Ó yá, wá."

Láńlọ́ọ̀dù fà sẹ́yìn.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá!" wọ́n kígbe láti ìsàlẹ̀.

Aránṣọ yí ìdí padà. Lẹ́tà inú àpò dún ṣákáṣáká. Etí ológbò náà nà ṣánṣán. Bí àpò oúnjẹ rẹ̀ ṣe máa ń dún nìyẹn! Aránṣọ fa lẹ́tà tó ti ń gbé kiri bí ẹyin láti àárọ̀ yọ, ó sì rún un mọ́wọ́. Láńlọ́ọ̀dù sún mọ́ ọn. Ó tún rún un. Ológbò dé, ó gbóòórùn lẹ́tà náà, kò rí oúnjẹ, ó la ẹnu láti fi ẹjọ́ sùn. Ẹnu tó là náà ni oògùn bá wọlé. Aránṣọ fi ìka pa á lọ́fun títí ó fi gbé e mì. Láńlọ́ọ̀dù wá ká kò sórí lẹ́tà náà, bí ẹni pé òun ni wọ́n kọ ọ́ sí.

"Ó ti gbé e mì!"

Ìsàlẹ̀ hó yèè. Lẹ́yìn náà, Ọ̀gá Ìwé ní, "Mọ̀mí, gẹ́gẹ́ bí kí ni? Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀!"

Láti àárọ̀ ni Aránṣọ ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rù Tíṣà ni kò jẹ́ kí òun fọwọ́ sí i. Tíṣà sì ti ní kó fọwọ́ sí i. Kí ló wá kù? Nígbàkigbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ bá ní, "Màámi, ẹ tún ń lọ?", èsì kan ló máa ń fún un: "Mo kàn ń bá wọn ṣe é ni. Ọjọ́ tí kò bá wù mí, n kò ní lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ni ilẹ̀kùn tó fi ọdún méje ṣọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà tì í. Ó wá gbìyànjú láti rántí ọjọ́ kan, ọ̀kan péré, tó gba ibẹ̀ jáde. Ọjọ́ òjò? Ó wá. Ọjọ́ ibà? Ó wá. Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọbìnrin yẹn gan-an, ó yà wá bọ́ ọmọ ológbò mẹ́rin, ó sì gbé irun wọn lọ síwájú àwọn àna.

Etí lẹ́tà náà yọ díẹ̀ lábẹ́ ìdí Láńlọ́ọ̀dù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó sì fọwọ́ sí i láàárín ìrù àti àtẹ́lẹsẹ̀. Kò mọ̀ bóyá orí ìlà ló bọ́ sí.

Aago mẹ́rin lù nísàlẹ̀.

"Mọ̀mí! Ṣé ẹ ti fọwọ́ sí i?"

"Mo ti fọwọ́ sí i."

Ó gbọ́ bí Ọ̀gá Ìwé ṣe ń ṣí ìwé òfin. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Aago mẹ́rin ni agbowó-oṣù ń ṣíwọ́. Ẹ ti ṣíwọ́ nìyẹn."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti padà di afọ̀fẹ́ṣe! Máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ o, Àjàò! Mo ń po tíì míì." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Orí pẹpẹ wo ni kí n gbé e sí?"

Aránṣọ fẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n Láńlọ́ọ̀dù ti gbé orí lé e lórúnkún, oorun sì ti gbé ológbò náà lọ.

Aránṣọ ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Kò dìde.