Ìlà Tí Pátákó Rẹ̀ Kò Tíì Dé

Iṣẹ́ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ọ̀dà ni kíkun ìlà funfun sójú títì, kí ẹlẹ́sẹ̀ lè rí ibi gbà sọdá. Ó ti lé lógún ọdún lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fa ìlà, ẹ ò ní mọ̀ pé kì í ṣe rúlà.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ náà tí kò sí nínú ìwé kankan: ìlà tí pátákó ìkìlọ̀ rẹ̀ kò bá tíì dé, bíbò ni wọ́n ń bò ó. Wọ́n á tẹ́ tapólì lé e, wọ́n á kàn án níṣòó mọ́ títì. Ìdí ni pé ọjọ́ tí ẹlẹ́sẹ̀ bá kọ́kọ́ rí ìlà ló ti gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n awakọ̀ kì í rí i, àfi tí pátákó bá kìlọ̀ fún un lókèèrè.

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi bẹ ọ́fíìsì tó ń rí sí títì fún ìlà kan. Ilé ẹ̀kọ́ dojú kọ ilé rẹ̀, àràárọ̀ ló sì ń sọdá lọ kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé kíkà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí ọ́fíìsì gbà, àbúrò rẹ̀ ni wọ́n rán wá. Ìyá náà gbé àga síta, ó ń ṣe ọ̀gá lé ọ̀gá lórí.

"Ìlà kẹta yẹn wọ́ o."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi jàre. Ojú yín ló wọ́."

"Ojú tó kọ́ ẹ ní Á, Bí, Dí lò ń bú yẹn."

Nígbà tó parí, tó na ọwọ́ sí tapólì, ìyá náà dúró sí i lọ́nà. "Ọdún mẹ́fà, o tún fẹ́ fi nǹkan bò ó? Jẹ́ kí ojú mi rí i. Pátákó á kúkú dé lọ́la."

Inú rẹ̀ dùn débi pé àbúrò kò lè sọ pé rárá. Ó ká tapólì padà sínú ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pè é lọ́lẹ o, ìfẹ́ ló tì í.

Pátákó kò dé lọ́jọ́ kejì. Ọ́fíìsì ni, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Obìnrin tó máa ń wo ọ̀tún, wo òsì, tún wo ọ̀tún, títí àwọn ọmọdé fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, gbé ẹsẹ̀ lé ìlà àbúrò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò wo ibì kankan. Ọkọ̀ gbá a.

Ẹnu iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ti pe Ọ̀gá Ọ̀dà. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. "Wọ́n ní ńṣe ló ṣàdédé já wọ títì," ni bàbá náà wí. "Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé kò fara balẹ̀."

Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Ó lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ru ẹ̀bi ẹlẹ́bi lọ.

Wọ́n wọlé tọ ìyá náà lọ. Ó lajú nígbà tó gbóhùn àbúrò rẹ̀. "Àbúrò mi, má bínú. Mo ti ba iṣẹ́ ẹ jẹ́. Àbí mo gbé ẹsẹ̀ jáde nínú ìlà ni?"

Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì.

"Àárín gbùngbùn ìlà lẹ wà, Àǹtí. Èmi ni mo ṣẹ̀. Ó yẹ kí n bò ó, n ò bò ó. Bọ̀dá, ẹ bá mi sọ fún gbogbo àdúgbò, kì í ṣe ẹjọ́ Àǹtí."

Bàbá náà di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Ìyá náà yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ṣé o ti wá bò ó báyìí?"

Kò tíì bò ó. Aago kan ààbọ̀ ti lù, aago méjì sì ni ilé ẹ̀kọ́ ń jáde.

"Sáré lọ," ni ó wí. "Àwọn ọmọ mi."

Ó sáré. Ìṣó tó gbẹ̀yìn ló ń kàn nígbà tí fóònù dún. Ó kàn án wọlé tán kó tó gbé e.

"Mo ti bò ó, Bọ̀dá. Ẹ bá mi sọ fún Àǹtí pé mo ti bò ó."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ò lè gbọ́ mọ́," ni bàbá náà wí.

Ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lu agogo.