Igi Inú Bọ́tìnnì

"Tí obìnrin tí ìjọba rán wá bẹ̀ wá wò yẹn bá dé, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan nípa igi," Fọ́mànù wí. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló dá tirẹ̀ ṣe."

Àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin ló yí i ká. Wọ́n ti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ tó wà lórígun, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró nítòsí rẹ̀.

Ọmọrí ìkòkò ni wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ náà. Bọ́tìnnì méjì ló wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àfi kéèyàn fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ wọ́n pa pọ̀ kí irin tó já wálẹ̀ lu páànù, kí ọwọ́ kankan má bàa wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ọmọrí tí máníjà ń béèrè lóòjọ́ ò lè jáde bẹ́ẹ̀. Fọ́mànù ló wá ọgbọ́n sí i: wọ́n á ki igi bọ bọ́tìnnì òsì kó lè wà ní títẹ̀, ọwọ́ òsì á wá máa ti páànù sábẹ́ irin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, irin já lu ọwọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìka mẹ́rin lọ. Máníjà ní àfọwọ́fà ni, pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìtọ́jú, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣì wà lọ́sibítù, wọn ò sì pààrọ̀ báńdéèjì rẹ̀ mọ́ torí kò rówó san.

Àárọ̀ ọjọ́ tí olùbẹ̀wò ń bọ̀ ni Fọ́mànù yọ gbogbo igi dànù. Ó wá fa ẹni tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sẹ́yìn òpó. Ìyàwó ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, torí àbúrò Fọ́mànù ló fẹ́. Fọ́mànù rán an létí ẹni tó bá a wáṣẹ́, ó bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti ríṣẹ́, ó sì béèrè bóyá kì í ṣe ilé òun ni wọ́n ń gbé.

"Ọkọ mi, òótọ́ wá ńkọ́?"

"Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ṣé òótọ́ lẹ máa sè jẹ?"

Ìyàwó ní àwọn ti sè é jẹ rí, iyọ̀ ni ò sí níbẹ̀. Fọ́mànù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra.

Olùbẹ̀wò tí ìjọba rán dé, máníjà tẹ̀ lé e. Olùbẹ̀wò ò béèrè ọ̀rọ̀ igi. Ó ní kí kálukú ṣiṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe é.

Ìyàwó ti páànù sábẹ́ irin, ó tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún. Irin ò mira. Ó tún un tẹ̀. Ìgbà tó wolẹ̀ ló rí i pé ọwọ́ òsì òun ṣì wà lábẹ́ irin. Ó fà á yọ kíá. Ó gbójú sókè, ó rí i pé gbogbo ẹ̀rọ ló dákẹ́. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ kan tẹ bọ́tìnnì kan, ọwọ́ kejì wà lábẹ́ irin. Ó ti mọ́ wọn lára débi pé wọ́n gbàgbé pé kò sí igi mọ́.

"Ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀yin èèyàn yìí," Fọ́mànù sọ lóhùn kékeré. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Olùbẹ̀wò wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin. "Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀?"

Àwọn obìnrin yọwọ́ kúrò lábẹ́ irin.

"Ìyàwó," Fọ́mànù pè é, bí ẹni fẹ́ rán an níṣẹ́.

"Fọ́mànù ló kọ́ wa," Ìyàwó wí. "Máníjà náà máa ń rí i tó bá ń kọjá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò dá a ṣe."

Kò sẹ́ni tó gbè é. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ń fi ìka nu eruku lára ẹ̀rọ. Olùbẹ̀wò ní kí Ìyàwó tún un sọ kóun lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún un sọ, ó rọra ń sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ kankan má bàa já bọ́.

Lẹ́yìn náà ó tú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó bọ́ ọ. Ó jáde síta, ó ń ro bí yóò ṣe sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.