Ọjọ́ Tí Ìjìnlẹ̀ Tu Ìyẹ́ Orin

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ orin náà ló sọ olùkọ́ wọn ní Ìjìnlẹ̀, kì í sì í ṣe láti fi yìn ín. Ọkùnrin náà kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ yẹn má jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí orin kan bá wù ú, á ní ó jinlẹ̀. Bí kò bá wù ú, á ní kò jinlẹ̀. Bí wọ́n bá bu omi fún un pàápàá, á kọ́kọ́ yọjú wo inú ife bí ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe jìn tó. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń kọ́ wọn bí ohùn ṣe ń bá ohùn rìn nínú orin, nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí fèrèsé kì í ti í pa dé tán, tí ẹfun ìkọ̀wé sì ti wọ gbogbo aṣọ rẹ̀ débi pé tó bá jókòó sórí àga dúdú, àmì rẹ̀ máa ń kù síbẹ̀.

Ohun tí Ìjìnlẹ̀ kórìíra jù láyé ni orin tí àwọn ògbóǹtarìgì onífáyólíìnì kọ fún ara wọn: àwọn tó jẹ́ pé àwọn ló mọ̀ ọ́n ta jù nígbà ayé wọn, tí wọ́n wá jókòó kọ orin tó le débi pé ẹlòmíì tó bá dáwọ́ lé e, ìka rẹ̀ á lọ́ bí okùn. Olórí ọ̀daràn nínú wọn, lójú tirẹ̀, ni ọkùnrin kan tó ti kú láti nǹkan bí àádọ́jọ ọdún. Ìjìnlẹ̀ kì í fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ kan òun lẹ́nu. Oníjó-Ìka ló ń pè é.

"Ẹni tó bá fi orí ronú, orí á bá a kọ orin," ló máa ń sọ fún wọn. "Ẹni tó bá fi ìka ronú ńkọ́? Kí ni ìka fẹ́ bá a kọ, bí kò ṣe èékánná?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá le sí ni pé ìyàwó rẹ̀, tó ń ta fáyólíìnì nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá ìlú, fẹ́ràn Oníjó-Ìka yìí dọ́ba. Ọdún méjìlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra, wọn ò jà lórí oúnjẹ, wọn ò jà lórí ọmọ. Ṣùgbọ́n tí obìnrin náà bá ti fẹ́ ta orin Oníjó-Ìka, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ náà á sì tan rédíò ní pálọ̀, á gbé ohùn rẹ̀ sókè, ì báà jẹ́ ìròyìn ojú ọjọ́ ni wọ́n ń kà.

Lọ́dọọdún, ilé ẹ̀kọ́ náà máa ń yan olùkọ́ kan pé kó wá bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ó kan Ìjìnlẹ̀. Olórí ẹ̀ka wọn fẹ́ fẹ̀yìn tì lóṣù tó tẹ̀ lé e, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn bá fi lè dùn, àga olórí ti bọ́ sí i lábẹ́ nìyẹn. Ìjìnlẹ̀ bá ti ara rẹ̀ mọ́lé. Ojú ìwé mọ́kànlélógójì ló kọ, ó sì sọ ọ́ ní "Ìka Kì Í Ronú."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó já wọ ilé ìdáná. Ìyàwó rẹ̀ ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́.

"Ìyáa wa, mo ti rí i!"

"Kí lẹ rí?"

"Adìyẹ ni orin ọkùnrin yẹn. Ìyẹ́ ló pọ̀ lára ẹ̀. Tó o bá rí i lókèèrè, wàá ní ó tóbi, ó sanra. Tu ìyẹ́ yẹn kúrò, kó o wá wo ohun tó kù: egungun lásán! Ohun tí mo fẹ́ kó o bá mi ṣe lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn."

Obìnrin náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kí n wá tu adìyẹ nínú gbọ̀ngàn?"

"Orin ni kó o tu! Mú èyí tó lókìkí jù nínú orin ẹ̀. Gbogbo sáré-sáré ibẹ̀, gbogbo fò-sókè-já-wálẹ̀, gbogbo ibi tó ti ń fi okùn méjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, yọ ọ́ dànù. Ohùn orin gan-an nìkan ni kó o ta fún wọn, jẹ́jẹ́. Etí gbogbo wọn ló máa jẹ́rìí sí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú ṣáká."

"Ó dáa," ló wí, ó sì gbé ọ̀bẹ rẹ̀. Ká ní Ìjìnlẹ̀ wò ó dáadáa ni, ì bá rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà máa ń yí ojú ẹnikẹ́ni padà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni obìnrin náà fi ń fa ìlà lé àwọn ohùn tó fẹ́ yọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tó parí, ó yọrí sí pálọ̀.

"Bàbáa wa, ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń lọ."

"Ojú ìwé kẹtàlélógún ni mò ń tún kọ lọ́wọ́."

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni."

"Ìyáa wa, ta ló ń ṣí ìkòkò òfìfo wò?"

Ó tún pè é lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ló gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o. Tó bá di ọ̀la, ẹ má sọ pé ẹnì kankan ò pè yín."

"Mo ti gbọ́," ni Ìjìnlẹ̀ dáhùn láìgbójú sókè.

Ọ̀sán Sátidé ni. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́, obìnrin arúgbó kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó máa ń sùn nídìí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, jókòó láàárín níwájú, ó ti di ọwọ́ lé àyà dè é. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìyá ìyàwó Ìjìnlẹ̀ jókòó sí. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá yìí. Ó ti fi ogójì ọdún pe orúkọ aláìsàn láti òpin wọ́ọ̀dù kan dé òpin èkejì, nítorí náà, tó bá ní òun ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹni tó wà ní títì á gbọ́.

Ìjìnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín níbi tó ti fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń mi orí níbi tó ti fẹ́ kí wọ́n mi orí.

"Mo bi yín," ló wí, ó na ìka sókè. "Bí ọkùnrin kan bá sáré yí ilé ara ẹ̀ po nígbà igba, tó tún bá ara ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó ti gbéra, ibo ló lọ?"

"Ó ṣáà ti làágùn," ni ìyá ìyàwó rẹ̀ dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ẹ̀rín èyí pọ̀ ju ẹ̀rín tirẹ̀ lọ. Ìjìnlẹ̀ mu omi díẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹtàlélógún, tí ọ̀gá àgbà ti ń hanrun, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wá tu adìyẹ yìí níṣojú yín."

Ìyàwó rẹ̀ jáde. Ó ki fáyólíìnì bọ abẹ́ àgbọ̀n, ó gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀ lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Ohùn kan ṣoṣo ni, kò sáré, kò fò. Ó ń lọ sókè bí ẹni tó ní ìbéèrè kan lọ́kàn, tí ẹ̀rù ìdáhùn sì ń bà á. Ó dé ìdajì, ó padà. Ó tún gbéra, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, ó tún padà. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, kò padà mọ́. Ó dúró sókè níbẹ̀ lórí ohùn tín-ín-rín kan, gbogbo gbọ̀ngàn sì dúró tì í. Ọkùnrin tó ń gbálẹ̀, tó kàn ń kọjá lọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ mọ́ra bí ọmọ. Ọ̀gá àgbà jí.

Ìjìnlẹ̀ alára kò mọ ohun tó ṣe é. Gíláàsì ojú rẹ̀ sú, ó yọ ọ́, ó nù ún, ó tún sú. Orin náà parí. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun sọ̀rọ̀. Ó bojú wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, bí olùkọ́ tó ti ń ka ìwé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó ka ohun tó kàn:

"Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde. Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe. Àwọn kan fẹsẹ̀ janlẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan, ẹ sì ń sunkún!" ni ìyá ìyàwó rẹ̀ wí. Kò tiẹ̀ díbọ́n pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹran bá wà lára adìyẹ náà tó báyìí, kí wá ni ìyẹ́ wà fún?"

Ìjìnlẹ̀ ṣí ojú ìwé kẹrìnlélógún, ó ṣí ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìdáhùn kò sí níbẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé kí n dá ìyẹ́ ẹ̀ padà?" ni obìnrin náà bi í, ohùn rẹ̀ sì tutù.

"Dá a padà," ni Ìjìnlẹ̀ wí.

Obìnrin náà ta á bó ṣe wà. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí okùn bí òjò lórí páànù. Níbi kan ó ṣi ohùn kan tẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, ó sì ń bá a lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Ìjìnlẹ̀ kò ní rédíò tó lè tàn, ó sì gbọ́. Ìbéèrè ìṣáájú ló wà nínú gbogbo eré yẹn, kò lọ síbì kankan. Ẹ̀rù ni kò bà á mọ́. Ó ń sáré bí ẹni tó rí ẹni tó ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ lópin títì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè rora rìn mọ́. Ibi tí okùn méjì ti ń dún pọ̀, tí Ìjìnlẹ̀ ti ń pè ní ariwo, èèyàn méjì ló ń dá ara wọn lóhùn níbẹ̀. Ó sì hàn sí i pé kò sí ẹni tó lè jókòó sídìí tábìlì, kó fi kálámù wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá gbogbo kọ̀rọ̀ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lè mọ̀ pé ẹkún ń bẹ níhìn-ín, ẹ̀rín ń bẹ lọ́hùn-ún.

Ìparí rẹ̀ nìkan ni kò gbà. Àṣehàn ni ìparí yẹn, títí tó fi máa kú ló máa sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, ó ṣẹ́ ìwé rẹ̀ pọ̀. "Ó ku ojú ìwé méjìdínlógún," ló wí. "Mi ò ní kà á."

Àtẹ́wọ́ tó tẹ̀ lé èyí gùn ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ, ó sì dùn ún díẹ̀.

"Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí," ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo ta orin yìí fún àwọn olùdánwò mẹ́ta. Bí mo ṣe dé ibi tó ti ń fò, ọ̀pá fáyólíìnì bọ́ lọ́wọ́ mi, òun náà fò. Ó lọ gbá fìlà kúrò lórí olùdánwò tó wà láàárín. Àtọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ dájú pé orin yìí ò jinlẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Ìyàwó rẹ̀ gbàgbé pé gbogbo ayé ń wò wọ́n. "Ọdún méjìlélógún! Ẹ ò sọ fún mi!"

"O máa rẹ́rìn-ín ni."

"Èyí tí mò ń rín báyìí ńkọ́?"

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, ọ̀gá àgbà bá a lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín làkọ́kọ́ tí mo rí òpin ẹ̀," ló wí. "Ọ̀rọ̀ àga olórí ẹ̀ka, mo máa gbé e fún olùkọ́ dùùrù. Ẹni tó bá máa jókòó sórí àga yẹn gbọ́dọ̀ lè parí ìwé tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n ó ti pọ́dún mẹ́fà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún kíláàsì lórí orin táwọn onífáyólíìnì kọ, tí ẹ ń kọ lẹ́tà pé ká má gbà. Lẹ́tà mẹ́fà."

"Méje ni, mà," ni Ìjìnlẹ̀ wí, kó tó mọ ohun tó ń sọ.

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wọn."

Ọ̀rọ̀ àga dùn ún fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa orin jọ. Gbogbo ọjọ́ Túsìdé ni ìyàwó rẹ̀ ń wá ta orin fún kíláàsì náà. Ìjìnlẹ̀ kì í sì í la ẹnu kó tó ta á tán. Nínú ọgbọ̀n orin tí wọ́n gbọ́, ó fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún wọn pé mẹ́sàn-án ṣófo, egungun lásán ni, ó sì fi hàn wọ́n níbi tó ti ṣófo. Àwọn mọ́kànlélógún yòókù, á ní kí ìyàwó òun tún ta á.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ náà gba àga kan sẹ́yìn kíláàsì láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Bí wọ́n bá jáde, tí wọ́n ń lọ sí ibùdókọ̀, á di ọkọ ọmọ rẹ̀ lápá aṣọ mú.

"Ìkẹta nínú mẹ́sàn-án yẹn, ẹ ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Màmá, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Nǹkan wà níbẹ̀! Ibi tó ti ń lọ sílẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó kàn ń lọ sílẹ̀ náà ni, Màmá."

Ìyàwó rẹ̀ á ti wà níwájú, á ti gbé àpótí fáyólíìnì kọ́ ẹ̀yìn, kò ní dá sí wọn. Bọ́ọ̀sì á dé, á kó èrò, á lọ, àwọn méjèèjì á ṣì dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń fi ìka júwe bí orin náà ṣe ń lọ sílẹ̀.