Ibi Tí Jẹ̀funjẹ̀fun Sọnù Sí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tèmi, kí orúnkún kan orúnkún. Ẹni tó bá jókòó sókèèrè kò ní gbọ́ orin inú ìtàn yìí.

"Bàlíkísù, ẹ̀rọ rẹ ti jẹ nínú orin mi!"

Ẹ̀rín ni Ìyá Ìsìmáílà ń rín. Àgbàlá wọn ní Lakowe ni wọ́n wà. Ìsìmáílà, ọmọ rẹ̀ tó ń mọlé, sùn sórí ẹní, ara rẹ̀ ń jó bí iná. Ìyá ti kọrin sínú fóònù Bàlíkísù, ọmọbìnrin tó wá gba ọ̀rọ̀ nípa àìsàn sílẹ̀:

Omi kànga, dákun rọra,
Ibà jẹ̀funjẹ̀fun, fi ọmọ mi sílẹ̀ o.

Bàlíkísù wá ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ̀ kọ padà sórí fóònù: "Omi kànga, dákun rọra, ibà, fi ọmọ mi sílẹ̀ o."

"Jẹ̀funjẹ̀fun mi dà? Ta ló gé e?"

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá."

Irọ́ ni. Ní ọ́fíìsì wọn ní Ajah, ohun tí àwọn ará àdúgbò bá sọ nípa àìsàn ni kọ̀ǹpútà ń tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n á fi ṣe ìṣirò ibi tí àrùn ń gbà tàn. Bàlíkísù fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ pé: ọ̀rọ̀ tó bá tún ara rẹ̀ pè, ọ̀rọ̀ akólòlò ni, gé e dànù. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ọmọ Yorùbá, tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún pé kó ṣe kíákíá! Ṣé akólòlò ni ìyá ọ̀hún ni? Báyìí ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ibà inú omi ìdọ̀tí tí àwọn ará Lakowe ń sọ, ṣe di ibà lásán, ibà ẹ̀fọn. Wọ́n pín nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn káàkiri Lakowe, kò sẹ́ni tó wo kànga.

 Ó pe ọ̀gá rẹ̀ nílé ní VGC.

"Ọ̀gá Bọ̀sún, ìṣirò Lakowe kò tọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Ọ̀la la máa fi han ìjọba, Bàlíkísù! Ṣé o fẹ́ dójú tì wá ni?"

"Jẹ̀funjẹ̀fun ti dá ẹnìkan sílẹ̀ lórí ẹní níwájú mi, sà."

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dún lọ́wọ́ ọ̀gá. "Gbé e lọ ọsibítù. Mo ń bọ̀."

Bàlíkísù kúnlẹ̀. "Ìyá, kì í ṣe ẹ̀rọ. Èmi ni mo gé e."

Ẹ̀rín Ìyá tán. "Tí a ń sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, tí a ń mu májèlé?"

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Ẹsẹ̀ Ìsìmáílà ni kó o gbé, èmi á gbé orí. Jẹ́ ká lọ."

Wọ́n dí kànga pa. Nígbà tí Ìsìmáílà dìde lórí àìsàn, Ìyá fi omi tó sè dáadáa se ẹ̀wà fún gbogbo àdúgbò. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n kọrin relé. Bàlíkísù nìkan ló kù nídìí àwo, kò lè gbé ṣíbí.

"Jẹun, jẹun," ni Ìyá wí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló pe ọ̀rọ̀ náà. Bàlíkísù gbọ́ méjèèjì, kò gé ìkankan dànù, ó sì jẹun.